Ajá tí kò gbọ́ fèrè rí: ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Ìbàdàn. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí n máa pe òun ní Bàbá Ìbejì. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí olè ń da àdúgbò wa láàmú ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ra ajá Alsatian kan, akọ, ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Jáàkì la sọ ọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má jẹ́ kó mojú ènìyàn, kó lè rorò, kí n sì máa bu ẹ̀tù ìbọn díẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Mo ṣe ti ẹ̀tù yẹn fún bí oṣù kan kí n tó jáwọ́. Kéèjì ló ń gbé láti àárọ̀, a máa ń tú u sílẹ̀ lóru. Ní báyìí ó ti rorò kọjá bí mo ṣe fẹ́. Ó ń gbó mọ́ gbogbo ènìyàn, ó ń kùn mọ́ ìyá àwọn ọmọ mi bí ìyẹn bá gbé oúnjẹ lọ fún un. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó bu ọmọkùnrin tó ń gbé gáàsì wá fún wa jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní kí n nà án dáadáa kó lè mọ ẹni tó ni ilé. Ará ilé kejì ní ó ti di dìgbòlugi, kí n tà á fún àwọn tó ń jẹ ẹran ajá. Ìyá mi ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílé. Ṣé ajá yìí ṣì ṣeé tún ṣe?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ti ẹ̀tù ìbọn yẹn síta. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú ajá ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti fún ajá wọn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní jẹ́wọ́ títí ajá á fi máa bì lórí tábìlì mi. Ìbéèrè kan lẹ kọ, ṣùgbọ́n méjì ni mo kà. Ọ̀kan ni pé ṣé Jáàkì lè yí padà. Èkejì, tó fara pamọ́ sí ibi tí ẹ ti dárúkọ ìbejì, ni pé ṣé kò ní bu ọmọ mi jẹ kó tó yí padà. Èkejì yìí kò lè dúró, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn. Láti òní lọ, kí àwọn ọmọ yín àti Jáàkì má tún wà lójú kan náà láìsí ohun tó dínà láàárín wọn. Kì í ṣe pé kí ẹ máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé o. Ilẹ̀kùn tí ẹ tì ni mò ń wí, tàbí kéèjì tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹnu ajá Alsatian àti ojú ọmọ ọdún mẹ́rin kò ju ara wọn lọ, ojú àti orí náà sì ni ajá sábà máa ń bu ọmọdé jẹ.

Ará ilé kejì kò jẹ̀bi pé ó ń bẹ̀rù dìgbòlugi. Bí àmì àrùn yẹn bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n ajá tí dìgbòlugi bá ti dé inú itọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ láyé mọ́. Ìwà rẹ̀ á yí padà lójijì, ohùn tó fi ń gbó á yàtọ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ torí pé nǹkan kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé e, á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n so ajá tó bá bu ènìyàn jẹ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí ti Jáàkì, ó ṣì ń jẹun, ó ṣì ń sáré kiri. Kì í ṣe dìgbòlugi ló gbé e lọ sí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ gáàsì. Síbẹ̀, ẹ kò sọ fún mi bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́. Láti oṣù mẹ́ta ni ajá ti yẹ kó gba ti dìgbòlugi, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ṣe ní kí ẹ gbà á, lọ́dọọdún lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá sì tún bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má fi epo pupa sójú ọgbẹ́, ẹ má fi àgúnmu dí i. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ló wá ń ṣe Jáàkì? Ẹ̀rù ni. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbà, torí eyín àti ariwo lẹ̀ ń rí. "Rorò" la máa ń pe ajá tó mọ ilé ṣọ́, "rorò" náà la sì ń pe èyí tí ìbẹ̀rù ti fẹ́ sọ di wèrè, bí ẹni pé ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Ẹ lọ dúró sí ibi tí kò ti ní rí yín nígbà tí àlejò bá kan gétì. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ṣé ńṣe ló ń tẹ̀ síwájú láìyẹsẹ̀, àbí ó ń já lu gétì, ó ń fà sẹ́yìn, ó tún ń já lù ú? Ṣé etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, àbí ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí? Ìrù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ajá tó bá ti ń ju ìrù, inú rẹ̀ dùn, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí tó ń fi gbogbo ìdí jù ú sọ́tùn-ún sósì, ayọ̀ nìyẹn. Èyí tí ìrù rẹ̀ gan sókè bí igi tó sì ń gbọ̀n, tàbí tí ó ká a sábẹ́ ikùn tó ń mì ín díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń bá yín sọ. Ajá tó kọ orí sí apá kan tó ń fi igun ojú wò yín, títí ẹ fi rí funfun ojú rẹ̀, àyè ló ń tọrọ. Bí ó bá ń yán nígbà tí oorun kò kùn ún, tàbí tó ń lá imú láìrí oúnjẹ, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Mo tún ronú sí ọrùn ẹsẹ̀ yẹn. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ gáàsì ti kẹ̀yìn, ó ń lọ ni. Ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń dúró kí ènìyàn kẹ̀yìn sí i kó tó lọ gé e jẹ.

Ibi tí ẹ̀rù náà ti wọlé kò jìnnà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ẹ rà á ti yá jù. Ó yẹ kí ọmọ ajá wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, torí láàárín àwọn tí wọ́n jọ bí ló ti ń mọ bí eyín òun ṣe ń dunni tó. Ó gé ọmọ ìyá rẹ̀ jẹ, ìyẹn ké, eré dópin. Ó gé ọmú ìyá rẹ̀ jẹ, ìyá dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ló ń jẹ́ kí ajá mọ bí a ti ń fi ẹnu múni láìdá ọgbẹ́ síni lára. Yàtọ̀ sí èyí, àkókò kan wà láyé ajá, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bí ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlá, tí ọkàn rẹ̀ ń kọ orúkọ ohun gbogbo tó jẹ́ ti ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá bá pàdé ní ìrọ̀rùn nígbà náà á di ará ilé fún un: ọmọdé tó ń sáré, àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, obìnrin tó wé gèlè, ọlọ́kadà tó dé akoto, ariwo jẹnẹrétọ̀, agboòrùn. Ohun tí kò bá pàdé á di iwin. Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Freedman, King àti Elliot, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí a mọ ògiri gíga yí ká, wọ́n sì ń mú díẹ̀ wá sọ́dọ̀ ènìyàn ní oríṣiríṣi ọjọ́ orí. Àwọn tí kò rí ènìyàn bá ṣeré rárá títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá dà bí ẹran ìgbẹ́. Ènìyàn ń na oúnjẹ sí wọn, wọ́n ń sá. Ẹ wá ro ti Jáàkì. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀yin, abọ́ oúnjẹ àti irin kéèjì ló mọ̀. Ènìyàn, lójú tirẹ̀, ni Bàbá Ìbejì. Ta ló sọ fún un pé ọmọkùnrin tó gbé irin ńlá lé èjìká, tí irin náà ń dún gbọ̀-n-gbọ̀-n, ènìyàn lòun náà?

Ó yẹ kí n sọ ibi tí àwa dókítà ẹran náà ti ń kùnà. A máa ń sọ fún ẹni tó bá ra ọmọ ajá pé kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ìta títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fi pé, nítorí àrùn parvo, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, tó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òótọ́ ni, mo ti sin ọmọ ajá tí parvo pa tí mi ò lè kà tán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í fi kún un pé: ẹ gbé e dání. Ẹ gbé e sọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà, kó máa wo ọlọ́jà, kó máa gbọ́ ariwo ọkọ̀, kí ará ilé máa fún un ní nǹkan jẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ nígbà yẹn ì bá gba Jáàkì là lọ́wọ́ ìyà ọdún méjì.

Ẹ̀tù ìbọn: èédú ni, imí ọjọ́ ni, àti iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní potassium nitrate. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń kọ́ ajá níṣẹ́. Inú ló ń bó, bí ó bá sì pọ̀, ó lè pa á. Ata tí àwọn kan ń fún ajá náà kò yàtọ̀. Ajá tí inú ń ta á kanra mọ́ gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn, olówó rẹ̀ á wá rò pé oògùn ti ń jẹ́. Ẹ ti jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ má padà síbẹ̀.

Kéèjì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ẹ kò sọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti wọ̀, ẹ̀gbẹ́ gétì ni wọ́n ń gbé e sí, kí ajá lè máa rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ wo ohun tí ajá ń kọ́ níbẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ń kọjá lọ, Jáàkì gbó mọ́ ọn, ìyá oníbúrẹ́dì kọjá lọ. Obìnrin náà ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Jáàkì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, gbígbó òun ló lé e. Ọlọ́kadà, ọmọ ilé-ìwé, alágbàfọ̀, gbogbo wọn ló "sá" fún un, bóyá ogójì ìgbà lójúmọ́. Kò sí olùkọ́ tó lè kọ́ ajá dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ gáàsì wá wọlé tí gbígbó kò lé e lọ, eyín ló kàn. Bí ẹ bá ka ìdáhùn yìí tán tí ẹ kò tíì lè ṣe ohun mìíràn, ẹ kọ́kọ́ gbé kéèjì yẹn kúrò lójú ọ̀nà lọ sí ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ òjìji, kí ẹ fi nǹkan bo apá kan rẹ̀ kó lè rí ibi sinmi.

Àbúrò yín ní kí ẹ nà án kó lè mọ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ti rin ìrìn-àjò jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1947, Rudolf Schenkel, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, kọ̀wé lórí àwọn ìkookò (wolf, ẹranko ìgbẹ́ tó jọ ajá) tí wọ́n há mọ́ ọgbà ẹranko, tí wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ipò. Àwọn mìíràn gbé e lé orí ajá, wọ́n ní ajá tó ń kùn ń du ipò bàbá ilé. David Mech, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ìwé wọn tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìkookò inú igbó, ó kọ ọ́ ní 1999 pé agbo ìkookò kò ju ìdílé lọ, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn. Ajá kò ní ìfẹ́ sí oyè yín, Bàbá Ìbejì. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bí àlejò bá wọlé tí ẹ na Jáàkì, ohun tó rí ni pé bí àlejò bá ti dé, ìyà á jẹ òun. Ẹ ti fún un ní ìdí tuntun láti kórìíra àlejò. Bó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí kan lẹ nà án, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Orí tó dorí kodò yẹn kì í ṣe "mo jẹ̀bi". Ojú yín tó le ló ń wò.

Ewu tó tóbi jù nínú lílù ni pé ó lè "ṣiṣẹ́". Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún Iléyá, nítorí abo ajá kan tó ti wà nílé wọn fún ọdún mẹ́rin. Bàbá ilé sọ fún mi pé ajá náà máa ń kùn tẹ́lẹ̀, òun ti fi pàṣán lé kíkùn náà lọ, kò kùn mọ́ láti ọdún kan sẹ́yìn. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò ó. Ọmọbìnrin ilé náà kọjá lẹ́bàá abọ́ rẹ̀. Ajá náà kò kùn, kò fi eyín hàn. Ẹnu rẹ̀ tó là tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló pa dé. Ìrù rẹ̀ dúró. Ó gan síbẹ̀ bí ère fún bóyá ìwọ̀n tí ènìyàn fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo ní kí ọmọ náà dúró, kó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí ajá yẹn ṣe bu ọmọ àlejò jẹ létí lọ́jọ́ Iléyá gan-an nìyẹn, tí gbogbo wọn ń sọ pé kò kìlọ̀. Ó ti ń kìlọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n nà án títí ó fi dákẹ́. Nítorí náà, kíkùn tí Jáàkì ń kùn mọ́ ìyàwó yín, ẹ dúpẹ́ pé ó ṣì wà. Ẹ̀rù tó ń bà á ni kí ẹ wá nǹkan ṣe sí, ẹ má gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá, òwe wọn kò sì ṣeé já ní koro. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọdẹ tó ni fèrè. Mo mọ bàbá ọdẹ kan lọ́nà Ìmẹ̀kọ tí àwọn ajá rẹ̀ máa ń so ṣaworo mọ́rùn. Kò sí ọjọ́ tí bàbá yẹn há ajá mọ́ inú irin fún ọdún méjì, kó tó wá máa fọn fèrè sí i. Ọmọ ajá ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí oko. Bàbá fọn fèrè, ìyá ajá yí padà, ọmọ sáré tẹ̀ lé e, bàbá sì ju ìfun ẹran sí wọn. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, títí fèrè àti ẹran á fi di ohun kan náà létí ajá. Òwe yẹn ń bá ajá tó ti mọ fèrè tó sì kọ̀ ọ́ wí. Ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè fún Jáàkì rí. Ohun kan náà ni onímọ̀ kan, Ivan Pavlov, rí ní Rọ́ṣíà, nígbà tó ń wádìí bí oúnjẹ ṣe ń dà, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1904: bí ìró kan bá ń ṣíwájú oúnjẹ nígbà gbogbo, itọ́ ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bó bá ti gbọ́ ìró náà, kí oúnjẹ tó dé. Ara ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ̀rù náà sì wà nínú ara. Bí irin gáàsì bá lè di àmì ewu, ó lè di àmì ẹran pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí á pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù: etí tó ń dùn ún, eyín tó ti jẹrà, itan tó ń ro ó, gbogbo wọn lè sọ ajá di oníkanra. Nítòsí yín, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ kọ́ Jáàkì láti máa wọ ìdènu ajá, èyí tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀, tí ajá á lè la ẹnu mu omi nínú rẹ̀. Ẹ má ra aláṣọ tó ń dì í lẹ́nu pa, torí ẹnu àti ahọ́n ni ajá fi ń lé ooru jáde, ooru tiwa sì le. Ẹ má fi ipá fi í sí i lẹ́nu o. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ sínú rẹ̀, kó máa ti imú bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ lá a, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó so ó rárá. Ẹ máa mú un jáde kúrò nínú kéèjì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú okùn tó nípọn, kó rìn, kó máa gbóòórùn ilẹ̀. Ajá tó wà lójú kan láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ kò lè ní làákàyè.

Lẹ́yìn náà, ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà. Ẹ so Jáàkì mọ́ ibi tó dúró ṣinṣin, kí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnì kan tí kò mọ̀ yọ ní òpin ọgbà, ní òkèèrè tó jẹ́ pé Jáàkì á rí i ṣùgbọ́n tí kò ní gbó. Bó bá ti rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀dọ̀, hóró kan, òmíràn, òmíràn. Bí ẹni náà bá ti kúrò lójú, ẹran tán. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí ẹran tẹ̀ lé e. Bí ẹran bá ṣíwájú, ẹran gan-an lè di àmì ewu fún un. Bó bá kọ ẹ̀dọ̀ tàbí tó já a gbà lọ́wọ́ yín lọ́nà tó le, ẹni náà ti sún mọ́ jù, ẹ ní kó sún sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan péré dín àyè náà kù, bó bá ti fara balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Kí àlejò má wò ó lójú, kó fi ẹ̀gbẹ́ sí i, kó má na ọwọ́ sí i lórí. Kí àlejò má sì fún un ní ẹran lọ́wọ́ ara rẹ̀, torí ọ̀fun lè fa ajá dé ibi tí ọkàn rẹ̀ kò tíì dé, nígbà tí ẹran bá tán, á ṣàkíyèsí pé òun ti wà ní ẹsẹ̀ ẹni tí òun ń bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ènìyàn jẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí i tó tajú kán rí àlejò, tó sì yí orí padà sí yín bí ẹni ń béèrè pé "ẹran dà?" Orí tó yí padà yẹn lẹ̀ ń wá.

Ní ti ìyàwó yín, kó má ti ọwọ́ bọ abọ́ Jáàkì, kó má sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ láti fi hàn pé òun lòun ni ilé. Kó máa kọjá ní òkèèrè nígbà tó bá ń jẹun, kó ju ègé ẹran kan tó dùn ju ti inú abọ́ lọ sí i, kó sì máa lọ láìdúró. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ìyẹn lè dín rírìn kiri àti títọ̀ sí gbogbo ara ògiri kù, ṣùgbọ́n kì í wo ẹ̀rù sàn, mi ò ní gbowó yín lé e lórí. Oògùn wà tó ń mú ara ajá balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n dókítà ẹran tó ti rí i ló lè kọ ọ́. Oògùn oorun ti ènìyàn kò sí lára rẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ó lè sàn jù báyìí lọ, mo ti rí èyí tó burú ju Jáàkì lọ tó sàn. Ṣùgbọ́n àkókò ọmọdé rẹ̀ ti kọjá, mi ò sì ní parọ́ fún yín, kò ní di ajá tí ìbejì á máa gùn bí ẹṣin. Ohun tí ẹ lè retí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ajá tó lè gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ní ó tó, tí ìyàwó yín lè bọ́ láìsí ẹ̀rù, tí ẹ ó sì ṣì máa tì mọ́lé bí àlejò bá dé. Bí kò bá sí ẹni tó ní àyè fún iṣẹ́ yìí nílé yín, ẹ sọ òótọ́ fún ara yín. Títà á fún ẹlẹ́ran kì í ṣe ìdáhùn, Jáàkì kò ṣe ohun tó tọ́ sí okùn àti kùmọ̀ láàárín ọjà. Fífún ẹlòmíràn ṣeé ṣe, bí ẹ bá sọ gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi fún onítọ̀hún, tí kò sì ní ọmọdé nílé. Bó bá tún gé ènìyàn jẹ jinlẹ̀, pàápàá láìkìlọ̀, ó lè di dandan kí dókítà ẹran fi abẹ́rẹ́ mú un sùn láìjẹ̀rora. Ó máa ń dùn mí dé egungun, mo sì ti ṣe é fún àwọn tí mo fẹ́ràn, nítorí ọmọ tó wà nílé.

Ti olè tó mú yín ra ajá náà, ẹ kò nílò ajá tó fẹ́ pa gbogbo ayé. Ajá tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló ń gbọ́ ohùn àjèjì yàtọ̀ sí ti ará ilé. Èyí tó bá ń gbó mọ́ ewé tó já bọ́ láti àárọ̀, lóru tí olè bá dé, ta ló fẹ́ jí wò ó?

Ẹ lọ rí ọmọ gáàsì náà, bí ẹ kò bá tíì lọ. Ẹ béèrè bóyá ó gba abẹ́rẹ́. Bí kò bá gbà á, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ sì san owó rẹ̀, kí dókítà ènìyàn sọ ohun tó kù láti ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ra fèrè kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ fọn ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ṣáájú gbogbo oúnjẹ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà níwájú yín, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa fọn ọ́ láti òdìkejì ọgbà. Ẹ má fi fèrè yẹn pè é wọ kéèjì, ẹ má fọn ọ́ nígbà tí ẹ bá ń bínú, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ìbejì fi ṣeré. Ẹ kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá fi gétì àti ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn gétì sílẹ̀, tó sáré wá bá fèrè.